Àgbẹ̀dẹ tí mo fi irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù kọ́ sẹ́yìnkùlé mi

Kí n tó san owó lórí irin àlòkù, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ẹni tó ń tà á: iṣẹ́ wo ni irin yìí ń ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Bó bá ní ara ọkọ̀ ni wọ́n ti tú u, màá tún béèrè pé ọkọ̀ wo, apá ibo lára ọkọ̀. Àwọn mìíràn a máa fura sí mi. Ṣùgbọ́n orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo àgbẹ̀dẹ tó wà lẹ́yìnkùlé mi dúró lé. Irin tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ru ẹrù yóò lè gba ìlù. Irin tó ti ń tẹ̀ tó sì ń padà sípò yóò lè di àdá. Èyí tí wọ́n fi ṣe òdòdó ojú géètì kò lè di àdá láé, ẹ ò báà kó gbogbo èédú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lé e lórí.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe jẹun ní Mọ́níyà níbí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni alágbẹ̀dẹ, ní Ìlorà, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń lo ọlidé nígbà tí mo wà ní pírámárì, èmi ni mo sì máa ń fín iná fún wọn. Àgbà ti dé sí wọn báyìí, wọn kì í lu irin mọ́, àmọ́ ojú wọn ṣì mọ irin. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ dá àgbẹ̀dẹ tèmi sílẹ̀, tí mo sì ń ka iye tí wọ́n ń ta ọmọ owú òyìnbó, ìyẹn irin tí à ń gbé iṣẹ́ lé lórí lù, àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ná fún wọn, wọ́n dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o ra nǹkan? Ṣé bàbá mi ra nǹkan ni? Rìn yí ìlú ká. Ohun tó o ń wá, àwọn èèyàn ti kó o dànù."

Kì í sì í ṣe àṣà tuntun. Àwọn baba ńlá wa yọ́ irin láti inú òkúta. Ojú ibi tí wọ́n ti ṣe é ṣì wà ní Ìsundúnrin, nítòsí Èjìgbò. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kò bá iṣẹ́ yẹn láyé. Irin tí ọkọ̀ òkun ń kó wá ni wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá wọn, ìgbà tó sì yá, sípíríǹgì ọkọ̀ gba ilé àgbẹ̀dẹ kan. Ọ̀pọ̀ àdá tí wọ́n fi ń ṣánko káàkiri ilẹ̀ wa lónìí ti sáré lójú ọ̀nà Èkó rí.

Ọmọ owú ni mo kọ́kọ́ wá kiri, torí òun ló le jù láti rí. Nǹkan méjì péré ló gbọ́dọ̀ ní: kó wúwo nísàlẹ̀ ibi tí òòlù ń bọ́ sí gan-an, kí ojú rẹ̀ sì le ju irin tí à ń lù lọ. Fífẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá ti wo àwòrán ọmọ owú Yúróòpù, èyí tó ní ìwo ṣóńṣó lápá kan, á rò pé láìsí ìwo yẹn iṣẹ́ ò lè ṣe. Ẹ lọ wo irin ràgàjì tó wà láàfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn. Kò ní ìwo. Irin kúkúrú tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rì mọ́ inú ìtì igi náà kò ní ìwo, òun la sì fi rọ gbogbo ohun tí ilẹ̀ yìí fi jẹun tó sì fi jagun.

Ọjà Araromi ní Agodi Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni mo ti rí tèmi: ṣáàfùtì ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù 911 àtijọ́ kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó gẹdú. Ó ti kán lápá kan. Àmọ́ apá kejì, tó ní ojú pẹrẹsẹ níbi tí wọ́n ti ń fi bóòtù dè é mọ́ wíìlì, kò ní àbùkù kankan. Ọ̀gá tó ń tà á rò pé mi ò rí i pé ó ti kán, wọ́n ní àwọn ní èyí tó pé nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ẹ ṣeun sà, èyí tó kán yìí gan-an ni mo fẹ́." Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, owó irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ni mo san.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ohun yìí fi dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣáàfùtì yẹn ló ń yí taya ọkọ̀ tó ru ẹrù tọ́ọ̀nù mélòó kan gun òkè. Wọn kì í fi irin jẹ́lẹ́ńkẹ́ ṣe é. Bí ẹ bá wá rì í mọ́lẹ̀ ní òòró, tí ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ wà lókè, gbogbo òpó yẹn ló wà lábẹ́ ìlù. Mo gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún, mo fi kọnkéré dì í níbẹ̀, mo wá gbé ìdajì dúrọ́ọ̀mù epo tí mo ti gé ìdí rẹ̀ dànù yí i ká, mo gún iyanrìn sínú rẹ̀ títí ó fi le. Iyanrìn ni mo fi parí òkè, n kò gbé kọnkéré dé òkè, nítorí pé irin tó pọ́n bá já bọ́ lu kọnkéré, kọnkéré náà lè ta pàrá sí èèyàn lójú. Iyanrìn yẹn tún ń gbé ariwo mì, èyí tó ṣe pàtàkì fún mi torí mo ní aládùúgbò. Gíga rẹ̀ bá oríkèé ìka mi dọ́gba nígbà tí mo bá di ẹ̀ṣẹ́ tí mo sì sọ apá sílẹ̀. Bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, èjìká á máa ro yín. Bó bá kéré, ẹ̀yìn ni.

Àárín ni kí ẹ máa lù, níbi tí òpó wà lábẹ́ rẹ̀. Etí rẹ̀ fúyẹ́, ó máa ń jẹ agbára òòlù gbé. Ohun tí mi ò tiẹ̀ ronú kàn kí n tó rà á ni ihò bóòtù tó yí etí náà ká: bí mo bá ń lu ihò sínú irin gbígbóná, orí ihò yẹn ni mo ń gbé e lé, kí ohun tí mo fi ń lu ihò lè wọlé kó sì jáde nísàlẹ̀.

Ó ju ẹnì kan lọ tó ní kí n wá irin rélùwéè, pé òun ni gbogbo èèyàn ń lò. Òótọ́ ni pé irin ojú irin le dáadáa, ó sì ń ṣe ọmọ owú tó péye. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà ni mo ń gbé, ibi tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn parí sí, mo sì mọ̀ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni irin rélùwéè tí ẹni tó ń tà á lè sọ ibi tó ti rí i láìkáwọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ń gé irin ojú irin ń pa èèyàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin ẹsẹ̀ òpó iná gíga. Iṣẹ́ mi ni, mo ti dúró sábẹ́ òpó tí wọ́n ti tú irin ìdè rẹ̀ lọ, tó kàn dúró sórí àánú Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni ìdérí gọ́tà. Bí wọ́n bá gbé irú irin wọ̀nyí wá bá yín, ẹ má rà á, iye yòówù kó jẹ́. Àgbẹ̀dẹ tí a bá fi irin olè dá kò lè mú ohun rere jáde.

Ibi tí mo kọ́ ọ sí nìyí: páànù àlòkù lórí òpó mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ṣí gbayawu. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí imú kì í gbọ́, òun ló ń pa àwọn tó gbé ìkòkò èédú wọ yàrá sùn. Nítorí náà mi ò ní dáná àgbẹ̀dẹ sínú ilé tó ní ìlẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ kẹrin, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ni mo fi búlọ́ọ̀kù dí. Alágbẹ̀dẹ nílò òjìji. Àwọ̀ irin ló ń sọ bó ṣe gbóná tó, bí oòrùn ọ̀sán bá sì ń tàn sí i, irin tó ti pọ́n tó láti lù á jọ irin tútù lójú.

Iná kò fún mi ní wàhálà. Rìímù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo sì rẹ́ amọ̀ sí inú rẹ̀. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán ni, torí ikán ti bá wa lọ̀ ọ́ kúnná. Mo fi iyanrìn àti eérú pò ó kó má baà sán, mo jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ lábẹ́ òjìji kí n tó dáná kékeré sí i. Afẹ́fẹ́ ń gba ihò àárín rìímù náà wọlé láti ìsàlẹ̀, nínú páìpù irin dúdú tí wọ́n yọ nínú kànga tó ti gbẹ. Ẹsẹ̀ páìpù náà ya méjì: ọ̀kan lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ìkejì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdérí tí mo ń ṣí láti da eérú nù.

Ẹwìrì ni mo fi dàgbà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹwìrì fẹ́ ọmọ tí yóò máa fín in. Èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́. Mo lọ tú fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ èésì nínú mọ́tò kan tó ti kú sí ilé mẹkáníìkì. Bátìrì volt 12 ló ń lò, nítorí náà mi ò dúró de NEPA. Bátìrì inverter kan tí oníbàárà mi ti jù sílẹ̀, tí kò lè gbé firíìjì mọ́, ń gbé fáànù yìí dáadáa, páànẹ́lì oòrùn kékeré kan sì ń ró o lágbára. Ẹ má gbàgbé láti tú bọ́tìnnì ìyára rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀, ohun tó ń dín iná kù, tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín tán, ìpele mẹ́rin ló ní. Ìpele kìn-ín-ní ti tó fún ọ̀bẹ. Kí páìpù tó so ó mọ́ iná gùn tó mítà kan, torí ike ni ara fáànù náà, bí ẹ bá sì ti pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu páìpù. Afẹ́fẹ́ iná lè padà sẹ́yìn sínú páìpù nígbà tí fáànù bá dúró, bí ẹ bá wá tàn án padà, á bú gbàù.

Ní ti ohun tí à ń jó, èédú lásán ni, èyí tí àwọn tó ń sun ẹran ń rà. Mo ń dà á pọ̀ mọ́ èèpo ekùrọ́, torí àwọn tó ń fọ́ ekùrọ́ kò mọ ibi tí wọ́n á kó o sí, ó sì ń gbóná gan-an bí èéfín rẹ̀ bá ti tán. Gbogbo àpò èédú tí mo bá dín kù, igi ni mo dá sí.

Ọ̀rọ̀ irin gan-an ló kù. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Ohun tó ń mú irin le lẹ́yìn tí a bá ti ti í bọ omi ni carbon inú rẹ̀. Irin géètì, irin igun, àti ọ̀pọ̀ róòdù ìkọ́lé kì í sábà ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn 0.25%. Ẹ lè fi wọ́n ṣe ẹ̀mú, ìkọ́, ìdè ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ àga. Ẹ má fi wọ́n ṣe ohun tó ní ẹnu mímú. Sípíríǹgì ọkọ̀, yálà pẹlẹbẹ ni o tàbí èyí tó lọ́, máa ń wà ní nǹkan bí 0.6%. Òun ni àdá, àáké, òòlù. Fáìlì àtijọ́ ń lọ dé bí 1.2%, òrùka bíárìn sì wà ní nǹkan bí 1%; àwọn yẹn ń ṣe ọ̀bẹ tó mú ju abẹ lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ̀jẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń yára sán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ nígbà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀? Ẹ gbé e kan ẹ̀rọ ìgérin, kí ẹ wo ẹ̀ta iná tó ń yọ. Irin tó rọ̀ ń ta ìlà gígùn tó lọ tààrà. Èyí tó ní carbon púpọ̀, ìlà rẹ̀ kúrú, ó sì ń bú sí ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Ẹ tọ́jú fáìlì àtijọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ àti ìṣó ńlá kan, kí ẹ máa fi tiwọn wé e. Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó pọ́n yòò, ẹ tì í bọ omi, kí ẹ fi òòlù gbá a lórí ọmọ owú, pẹ̀lú awò lójú. Bó bá tẹ̀, irin géètì ni. Bó bá kán pàkà, tí inú rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ tó sì ń dán eérú-eérú, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Sípíríǹgì àlòkù ní ewu kan tó fara pa mọ́: ó ti tẹ̀ káàkiri fún ọdún púpọ̀, ó lè ti là níbi tí ojú lásán kò rí. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi eérú kun ún. Ibi tó bá là yóò mu kẹrosíìnì pamọ́, yóò sì sun ún jáde sára eérú. Ẹ gé e síbẹ̀. Àwọn tó ń ta sípíríǹgì máa ń tẹnu mọ́ nínípọn rẹ̀, àmọ́ èyí tó tinrín tí kò là sàn ju ràbàtà tó ti là lọ.

Àwọn irin kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dé inú iná láé. Páìpù omi aláwọ̀ eérú àti páànù, tí wọ́n fi síńkì bò: èéfín funfun wọn ń fa ibà àti ìgbọ̀n lóru ọjọ́ náà, bó bá sì pọ̀, ó ju ibà lọ. Ṣọ́kì ọkọ̀: ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dì pa, bọ́ǹbù ni nínú iná. Sílíńdà gáàsì, bó ti wù kó ṣófo tó. Mo ti rí àwọn wẹ́dà tó ń fi iná gé gbogbo ìwọ̀nyí lójoojúmọ́, mi ò sì bá wọn jiyàn, àmọ́ kò sí èyí tó ń wọ ọgbà mi. Ẹ má sì wọ aṣọ ọ̀rá sí ìdí iná. Òwú ni kí ẹ wọ̀, torí ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ ara, kì í jó lásán.

Nígbà tí mo bá fẹ́ kí ẹnu àdá le, òòfà tí mo yọ lẹ́yìn sípíkà ni mo fi ń wò ó. Mo so ó kọ́ sára òpó pẹ̀lú wáyà. Bí irin bá gbóná dé bí 770°C, òòfà kò ní fà á mọ́. Mo jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá wọ inú òróró. Òróró ìdáná ni o, kì í ṣe ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, torí èéfín ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Omi máa ń tètè mú sípíríǹgì là. Bó bá jáde, ó le, àmọ́ ó lè kán bí àwo tánńganran. Ẹ fi òkúta ha á títí tí yóò fi dán, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé irin gbígbóná, kí ẹ máa wo àwọ̀ tó ń rìn bọ̀ lára rẹ̀. Ìyeyè ló kọ́kọ́ ń dé, ọ̀bẹ dúró síbẹ̀. Elésè àlùkò ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀ aró, ní nǹkan bí 300°C. Àárín méjèèjì yìí ni àdá àti àáké ti ń dúró.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rọ níbẹ̀ ni ẹ̀mú, láti inú róòdù ìkọ́lé milímítà 12 tí àwọn bíríkìlà gé kù. Ọ̀pá méjì, mo tẹ́ ibi tí wọ́n ti máa pàdé, mo lu ihò sí wọn nígbà tí wọ́n pọ́n, mo fi ìdí bóòtù kàn wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dúró wò mí, wọ́n á ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ tún ń lù níbẹ̀ yẹn látàárọ̀?" Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi wá wò ó. Wọn ò wo iná, wọn ò wo fáànù. Ìdí ọmọ owú ni wọ́n lọ, wọ́n mú òòlù, wọ́n jẹ́ kó já bọ́ lé e láàárín láìfi agbára sí i, òòlù sì ta padà sókè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún sún un sí etí, níbẹ̀ kò ta dáadáa. Wọ́n ní, "Àárín ni kó o máa lù." Mo ní, "Ẹ ṣeun bàbá." Wọ́n wá béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́, mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn 911 yẹn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àárẹ̀.

Ohun tí mò ń wá báyìí ni fáìsì tó ní ẹsẹ̀, ohun tó ń di irin mú, irú èyí tó ń dúró dé ilẹ̀ tí òòlù kò lè yẹ̀ nídìí. Bí mi ò bá rí i, màá fi jáàkì ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹsẹ̀ ṣáàfùtì tó ṣẹ́ kù ṣe é. Òkè jáàkì náà ṣì ń yí, mo ti fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́. Bí ó bá parí, màá ya àwòrán rẹ̀ síbí, pẹ̀lú ìwọ̀n gbogbo ibi tí mo gé.